Téèpù Ọwọ́ Ìyá

Abẹ́ igi dóńgóyárò ni obìnrin náà jókòó sí, ní ibùdó kan ní Maiduguri fún àwọn tí ogun Boko Haram tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 lé kúrò nílé. Ó fa apá òsì ọmọ rẹ̀ yọ nínú aṣọ, ó fi ìka wá agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá, ó sì wé téèpù pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn. Kò fún un jù, kò sì jẹ́ kó dẹ̀. Ó bẹjú wo ihò kékeré tó wà lára téèpù náà. Àwọ̀ ewé ló ń wá, ìyeyè ló rí. Ó mí kanlẹ̀, ó ká téèpù, ó sì dì í sétí aṣọ bí ẹni di owó. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwa náà dé láti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ kan tó dáwó ra páálí Indomie àti bisikíìtì. Àánú ló gbé wa débẹ̀, n kò ní parọ́ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kan nǹkan, a ti tò wọ́n sínú oòrùn, a na bánà ẹgbẹ́ wa sẹ́yìn wọn, a ní kí wọ́n gbé ohun tí a fún wọn sókè, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń pariwo pé, "Gbé e sókè díẹ̀ sí i!" Ìyá kan fi etí híjáàbù rẹ̀ bo ojú ọmọ rẹ̀. Mo rò pé kò gbọ́ ni, mo ní kí ògbufọ̀ tún un sọ fún un. Ó ti gbọ́. Ohun tí ìyá tó bí mi náà ì bá ṣe ló ṣe.

Àwọn àgbà ní a kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í. Àwa ò tiẹ̀ dúró kí oore parí ká tó lóṣòó. Nílé wa, bí a bá mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ aládùúgbò, ta ló máa ń pè é síta gbangba láti wá gba oúnjẹ? Ọmọ ilé la máa ń rán sí ìyá rẹ̀: "Ẹ káalẹ́ mà, Màmá ní kí n gbé eléyìí wá fún yín." A ó sì ti da aṣọ bo abọ́. Oúnjẹ inú abọ́ ń lé ebi. Aṣọ orí rẹ̀ kò jẹ́ kí ojú ti ẹni tí ebi ń pa. Aṣọ yẹn la gbàgbé sí Ìbàdàn.

Téèpù ọwọ́ obìnrin yẹn ní ìtàn, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín sì ni apá kan ìtàn náà ti wá. Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Èéyi àti àìjẹunre-kánú ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nígbà náà. Kò jókòó sí Iléṣà kó máa retí ọmọ tí wọ́n bá gbé dé pẹ́kípẹ́kí ikú; ó tọ̀ wọ́n lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n ń sàmì bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí sórí káàdì, ìyá ló sì ń mú káàdì náà lọ sílé. Ẹ jẹ́ ká dúró síbi káàdì yìí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá yẹn ò mọ̀wé. Dókítà mìíràn ì bá tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, kó ní wọ́n á sọ ọ́ nù. Morley gbà pé ìyá á tọ́jú ohun tó kan ẹ̀mí ọmọ rẹ̀.

Ní 1974, òun àti dókítà Adnan Shakir tó ń ṣiṣẹ́ ní Baghdad kọ̀wé nípa téèpù aláwọ̀, èyí tí ẹni tí kò mọ nọ́ńbà náà lè fi wọn apá ọmọ. Lónìí, bí apá ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà àmọ́ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni téèpù á fi hàn. Láti ibẹ̀ dé 12.5, ìyeyè. Ní Mirriah, lórílẹ̀-èdè Niger, wọ́n fi téèpù yìí lé àwọn ìyá lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé àwọn ìyá mọ̀ ọ́n lò bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, pé wọ́n tún ń tètè rí ọmọ tó ń rù, kó tó di pé ó nílò bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Ìtẹríba ni mo rí nínú èyí. Ẹni tó fi téèpù lé ìyá lọ́wọ́ gbà pé ìyá ló lọmọ. Àwa ní tiwa lé àwọn ìyá sẹ́yìn, bí ẹni pé àwa la bí àwọn ọmọ náà.

Àwọn kan á ní bí kò bá sí fọ́tò, ta ni yóò dáwó? Mi ò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1968, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwòrán àwọn ọmọ Biafra tí ebi ti pa títí wọ́n fi ku egungun wà lára ohun tó mú kí ayé dìde, tí bàálù fi ń kó oúnjẹ balẹ̀ sí Uli, ní ilẹ̀ Biafra, lóru. Àwòrán wọ̀nyẹn gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n àwọn tó yè nínú àwọn ọmọ náà ti tó ìyá àgbà àti bàbá àgbà báyìí, ìhòòhò ìgbà èwe wọn sì ṣì wà nínú ìwé káàkiri ayé. Ẹni tó dáwó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí owó rẹ̀ gbà. Ká ka páálí fún un, ká kó rìsíìtì síwájú rẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ fi ojú ọmọ ṣe rìsíìtì.

Kí a tó kúrò, mo padà sábẹ́ dóńgóyárò, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, mo ní kí ògbufọ̀ bá mi bi í ní ohun tó yẹ ká mú wá nígbà mìíràn. Ọṣẹ ló kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà igi ìdáná. Ẹnu rẹ̀ ò tíì kúrò lórí igi ìdáná tí obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ibùdó fi gbé ọmọ tirẹ̀ wá. Ìyá náà tú téèpù kúrò létí aṣọ, ó fi lé àlejò náà lọ́wọ́, ó di ìka rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ ń wá agbedeméjì apá ọmọ náà.