Ẹrù Ẹni Tí Kò Lè Kọ̀

Àwọn baba wa tí wọ́n fi Ifá ṣe ilé ẹ̀kọ́ wọn a máa sọ̀rọ̀ Àjàlá, alámọ̀ tí í mọ orí ní ìsálọ̀run, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí gbèsè kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé nínú àwọn orí tí ó tò sílẹ̀, òmíràn jinná, òmíràn kò jinná, òmíràn sì ti sán láti inú iná wá, bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn fún ẹni tí ó wá yàn. Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja yan tiwọn pẹ̀lú ìwàǹwára, òjò sì pa orí náà lọ́nà ayé títí ó fi rẹ́. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, tí ó rúbọ kí ó tó lọ, ni ó rí ẹni tọ́ka èyí tí ó dára fún un. Ìtàn yìí ni a fi ń kọ́ ọmọ pé kí ó ṣọ́ra bí ó bá ń yan nǹkan. Ìbéèrè mìíràn ni ó máa ń mú wá sí ọkàn tèmi: àwọn orí tí òjò pa wọ̀nyí, ta ni kí a dá lẹ́bi? Ẹni tí ó yàn án ni, tàbí òjò, tàbí ẹni tí ó mọ ọ́n?

Ìbéèrè náà kò mọ sí ìdí Ifá. Ó wà lórí tábìlì ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ìgbà ọwọ́ dilẹ̀ to róbọ́ọ̀tì, nítorí iṣẹ́ alámọ̀ ni ẹni náà ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin Ògún Lákáayé àti ike ni amọ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn, apá kan tí a gbé kalẹ̀ lórí pákó, tí ó ní èjìká, ìgúnpá, ọrùn-ọwọ́ àti ìka méjì tí ó fi ń mú nǹkan. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ni mọ́tò servo wà, tí a ń ti inú Arduino, pátákó kékeré tí í ṣe orí ẹ̀rọ náà, rán níṣẹ́ pé kí ó yí dé ibi báyìí, kí ó sì dúró síbẹ̀. Kì í yí káàkiri bí fáànù. Ibi tí a bá ní kí ó wà ni yóò wà, bí nǹkan bá sì fẹ́ tì í kúrò níbẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò fi tì í padà. Ìwà rere ni èyí, òun náà ni ó sì ń pa á.

Mọ́tò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, MG996R, wúwo tó gíráàmù 55, àwọn tí ó ṣe é sì kọ ọ́ pé ní fólítì 4.8 ó lè gbé kìlógíráàmù 9.4 bí ẹrù náà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà kan péré sí ojú ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹrù bá ti ń jìnnà sí ọ̀pá ni agbára náà ń pín. Jẹ́ kí apá wa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30: ìka rẹ̀ tí ó wúwo ní gíráàmù 100 ti jẹ 3 (0.1 lọ́nà 30) nínú 9.4 tí mọ́tò èjìká ní, mọ́tò ọrùn-ọwọ́ tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí èjìká jẹ 1.4, mọ́tò ìgúnpá tí ó wà ní ìdajì ọ̀nà jẹ 0.8, páànù tí a fi so wọ́n pọ̀, bí ó bá wúwo ní gíráàmù 80, jẹ 1.2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.4, èyí tí ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ apá náà kò tíì mú ohunkóhun. Ara rẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí a bá wá fi gíráàmù 150 péré sí i lọ́wọ́, ó ti di 10.9, ẹ̀mí mọ́tò èjìká sì ti pin.

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn oníróbọ́ọ̀tì ni kí ó ra mọ́tò tí ó lágbára jù ú lọ. Ó fi ọ̀kan sí ìgúnpá, ìgúnpá sì le; ṣùgbọ́n mọ́tò tí ó lágbára wúwo, èjìká ni yóò sì gbé ìwúwo náà, tí ó fi jẹ́ pé oògùn ìgúnpá di àrùn èjìká. Galileo ará Ítálì ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Leiden ní 1638, ó ṣàlàyé pé a kò lè sọ ẹranko di òmìrán kí a sì fi egungun rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrísí ti tẹ́lẹ̀, nítorí bí a bá sọ gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ, ojú egungun tí ó ń gbé e yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin péré. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ni àwọn àgbà wa wí.

Àmì àìsàn náà kò fara sin, àmọ́ ó máa ń tan ni jẹ. Apá yóò máa gbọ̀n, mọ́tò yóò máa kùn, ara rẹ̀ yóò gbóná débi tí a kò lè fọwọ́ lé e, eyín jíà rẹ̀ yóò sì jẹ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Arduino ni yóò ṣàdédé kú tí yóò sì tún jí, nítorí mọ́tò tí ẹrù bá ti há mọ́lẹ̀ lè fa iná tó áńpíà 2.5, bí ó bá sì jẹ́ pé bátìrì kan náà ni ó ń bọ́ àwọn méjèèjì, kò ní kù fún Arduino. Ẹni tí ó tò ó yóò wá lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò máa tún àṣẹ tí ó kọ kọ, yóò ní orí ẹ̀rọ yìí ni kò pé. Orí pé, èjìká ni ó ń jìyà. Mo rò pé báyìí ni a ṣe ń di ẹ̀bi ru orí ọ̀pọ̀ ènìyàn láwùjọ wa, tí a ń pè wọ́n ní olórí burúkú, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹrù tí a dì lé wọn wò.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò pọn dandan kí apá náà ṣe ohunkóhun kí ó tó jó. Alárù tí a gbé àpò ìrẹsì lé lórí, tí a ní kí ó dúró de oní-ẹrù tí ó ń ná ẹja lọ́wọ́, mọ̀ pé ìdúró yẹn lè ju ìrìn lọ. Síbẹ̀, bí ó bá délé, ìrìn rẹ̀ nìkan ni a ó sanwó rẹ̀. Bákan náà ni àwọn onímọ̀ físíìsì ṣe ń ṣírò rẹ̀: mọ́tò tí ó bá ń ti nǹkan tí nǹkan náà kò sún, kò ṣe iṣẹ́ kankan lójú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n iná tí ó ń fa ní fólítì 6, tí ó tó wáàtì 15, kò lọ síbòmíràn. Gbogbo rẹ̀ ni ó di ooru nínú ara kékeré tí kò ju gíráàmù 55 lọ. Ìfaradà tí ojú kò rí ni ó ń jó o.

Ẹnìkan lè sọ pé irin kò ní ẹ̀mí, kò sì mọ ìyà. Bẹ́ẹ̀ ni, n kò jiyàn. Ibi tí mo ń lọ ni pé bí a bá rán ènìyàn níṣẹ́ ẹrú, ó lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mọ́tò kò ní ọgbọ́n yẹn, bí a ti rán an ni yóò jẹ́ ẹ títí yóò fi jó. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá sàn jù ú: nínú òfin Mósè, a pàṣẹ pé bí ti ọ̀tá ẹni bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹrù, kí a bá a gbé e dìde, èyí tí ó fi hàn pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè dùbúlẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí sì gbà, gẹ́gẹ́ bí ìparí Súrà Bákárà ti kọ́ wọn, pé Ọlọ́run mọ ìwọ̀n agbára ẹni kí ó tó di ẹrù lé ni. Ẹni tí ó bá dá ohun tí kò lè kọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa bá a kọ̀. Àwọn ará Kòríà tí wọ́n ń ṣe Dynamixel ti fi kíkọ̀ sínú mọ́tò wọn: AX-12 ń wọn ooru ara rẹ̀ àti ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀, bí ó bá sì ju bó ti yẹ lọ, yóò jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo àárẹ̀ àti ìrora tí Ẹlẹ́dàá fi sí wa lára.

Títún apá náà tò kì í ṣe iṣẹ́ agbára. George Carwardine, ẹnjiníà ará Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ ní 1932 lórí apá kan tí sípíríǹgì ń gbé ìwúwo rẹ̀, èyí tí a fi ṣe fìtílà tábìlì tí wọ́n ń pè ní Anglepoise. Sípíríǹgì kì í jẹ iná, kì í sì í gbóná. Bí a bá so irú rẹ̀ mọ́ èjìká, yíyí nìkan ni yóò kù fún mọ́tò láti ṣe. A lè gbé mọ́tò ìgúnpá wá sí ìdí, kí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ máa bá a fa ìgúnpá láti òkèèrè. A lè gé apá kúrú. A lè fi béárìn gbé oríkèé kí ẹrù má baà tẹ ọ̀pá mọ́tò. A lè fún mọ́tò ní bátìrì tirẹ̀. A sì lè kọ́ apá náà láti fara ti nǹkan bí kò bá ríṣẹ́ ṣe.

Ní ti ẹjọ́ Àjàlá, Òòṣàńlá Ọ̀ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀màgbò ni mo fi dá a. A gbọ́ pé nígbà tí ó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn, tí ẹmu sì ti pa á, ó mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, kò bá amọ̀ wí. Ó pè wọ́n ní tirẹ̀, wọ́n di ẹni òrìṣà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín, ó sì ka ẹmu léèwọ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tí ń sìn ín. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Àjàlá, mo sì dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, ìwọ tí apá róbọ́ọ̀tì rẹ ń gbọ̀n lórí tábìlì, má ì tí ì lọ sí ọjà. Tú u palẹ̀, gbé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lé ìwọ̀n, fi jíjìnnà rẹ̀ sí èjìká sọ ọ́ di púpọ̀, kí o sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àpapọ̀ náà bá ju ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò lọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ṣófo, má pààrọ̀ mọ́tò. Apá ni kí o tún ṣe.