Káàdì Tó Wà Lójú Gbogbo Wa

Ní Ugbónlá, tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí kò sí ọkọ̀ Ìgbókọ̀dá mọ́, Whot la máa ń ta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kì í kàn sáré àtijáde. Ó máa ń dènà. Wọ́n pe sítáà, ẹni tó tẹ̀lé ẹ kò ní, ó lọ ọjà. O ti mọ̀ nìyẹn. Wàá fi 20 rẹ pamọ́ títí á fi ké láàsì káàdì, wàá wá jù ú sílẹ̀, wàá tún pe sítáà. Nínú káàdì 54, sítáà ò ju méje lọ, 20 ò ju márùn-ún lọ; ẹni tó bá ń kà á á mọ iye tó kù.

Ṣé ìkà nìyẹn? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ojú gbogbo wa ló ṣe lọ ọjà.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni alẹ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ dènà ìbátan wa kan. A ti ṣàdéhùn: tí mo bá họ etí, sítáà ni mo fẹ́. A gba owó ọkọ̀ tó fẹ́ fi padà sílé lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a dá a padà, a ní eré ni.

Nínú bridge, méjì máa ń ta sí méjì. Àwọn tó ń dènà ò rí káàdì ara wọn, àmọ́ wọ́n lè fi èyí tí wọ́n jù sọ̀rọ̀: ńlá lè túmọ̀ sí "tún gbé e wá", kékeré sí "fi í sílẹ̀". Òfin gbà á, bí alátakò bá ṣáà ti lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ní 1975, níbi ìdíje àgbáyé ní Bermuda, wọ́n rí ọmọ Ítálì kan tó ń fẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Wọ́n bá wọn wí. (Ítálì náà ló ṣì gba ife.) Ohun tí káàdì lè sọ, ẹsẹ̀ náà lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa bi ẹsẹ̀ léèrè?

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe; ojoojúmọ́ là ń fi nǹkan pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a tìlẹ̀kùn mọ́ mọ̀ pé ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ìbátan wa ò mọ̀ pé etí mi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣebí a ti dá owó padà. Lóòótọ́ ni. Kérésì tó kọjá, a pe ọmọkùnrin náà síbi káàdì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa ta á lọ, pé òun ò mọ Whot ta rárá, ṣé a ò rántí ni. Àwa méjèèjì ò sọ nǹkan kan.