Bàbá Tí Wọ́n Ń Ṣọ́: Ta Ni Ó Ni Ẹ̀tọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, bí nìkáì bá tú, tí adájọ́ wá ní ojú ẹlòmíràn nìkan ni kí bàbá ti máa rí ọmọ rẹ̀, bóyá ní ọ́fíìsì wẹ́fíà fún wákàtí méjì, ṣé òdodo ni àbí ìwọ̀sí? Ọ̀pọ̀ ọkùnrin yóò ní ìwọ̀sí ni: "Ṣebí èmi ni mo bí i!" Àwọn obìnrin kan yóò ní bí kò bá tilẹ̀ rí i rárá, ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ní tiwa, àwọn méjèèjì ń jà sí ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ọmọ ni ó ni ẹ̀tọ́ náà.

Nínú ìlànà Máálíkì tí àwọn àáfáà wa ń tẹ̀lé, ìyá tí kò tíì fẹ́ ọkọ mìíràn ni ó ni hadánà, ìyẹn ìtọ́jú ọmọ: ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà, ọmọbìnrin títí yóò fi wọ ilé ọkọ. Náfákà wà lọ́rùn bàbá, ẹ̀kọ́ ọmọ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Súrà Bàkárà, áyà 233, kọ̀ kí a fi ọmọ ni ìyá lára, ó sì kọ̀ kí a fi ni bàbá lára. Òfin ìlú náà kò jìnnà sí èyí: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, ní ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Nítorí náà, bàbá tí ó ń lu ìyá lójú ọmọ, tàbí tí ó ti lérí pé òun yóò gbé ọmọ sá lọ, kò lẹ́jọ́ bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá ya ìyá àti ọmọ rẹ̀. Lórí ìgbèkùn ogun ni ọ̀rọ̀ náà ti wáyé. Ọmọ tí bàbá jí gbé lọ fún ìyá àgbà ní ìlú mìíràn wá ńkọ́?

Ṣùgbọ́n Súrà Hujuráàtì, áyà 12, kìlọ̀ nípa àbá dídá púpọ̀. Ìyá tí ó bá ní kí wọ́n ṣọ́ bàbá nítorí pé ó fẹ́ ìyàwó kejì, tàbí nítorí pé owó oúnjẹ pẹ́, ti sọ ọmọ di ohun ìdógò. Bàbá tí kò fẹ́ san náfákà nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ó rí ọmọ, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi kì í dúró de ìlàjà. (Àwa tí a ń kọ́ wọn ní ilé-kéwú ń rí i: ọmọ tí kò mọ ẹni tí ń bọ̀ wá mú òun, ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kéwú kì í sì í wọ̀ ọ́ lórí.)

Bàbá tí ó bá sì kọ̀ láti wá nítorí ìtìjú, kí ó rántí pé ọmọ náà ti jókòó, ó ń retí.

Àmáánà ni iṣẹ́ ẹni tí yóò ṣọ́ wọn. Kí ó má jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó tí inú ń bí, kí ó má jẹ́ ìyá ọkọ tí yóò máa kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ ní kóòtù. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ilé tí ó wà fún èyí, tí ọmọ ti ń ṣeré. Àgbà mọ́sálásí tí ẹbí méjèèjì gbọ́ràn sí lẹ́nu lè ṣe é níhìn-ín. Kí a sì kọ ọjọ́ àtúnyẹ̀wò sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí oṣù mẹ́fà, kí bàbá tí ó bá ṣe dáadáa lè mú ọmọ rẹ̀ lọ kí Jímọ̀ láìsí ẹni tí ń tẹ̀lé wọn.