Ọkọ̀ Ojú Irin Inú Fídíò: Níbo Ni Eré Parí Sí, Níbo Ni Irọ́ Ti Bẹ̀rẹ̀?

Kò sí ojú irin rélùwéè kankan tó gba ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ tàbí ilẹ̀ Ọ̀sẹ́ kọjá. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la irin láti Èkó ní ọdún 1896, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin ni wọ́n gbà lọ sí òkè Ọya. Èyí tó ti Itakpe lọ sí Warri, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2020, kò yà sọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, bí ọmọ kan ní Ìfọ̀n tàbí ní Ìpele bá fẹ́ kí rélùwéè gba ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ kọjá, ó lè ṣe é: agolo sàdíìnì á di ọkọ̀, ìdérí ìgò á di ẹsẹ̀ rẹ̀, yanrìn á di òkè, fóònù ìyá rẹ̀ á di kámẹ́rà. Bó bá tún mọ bí a ṣe ń gé àwòrán, tí a sì ń tò ó, ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ lè wò ó kó béèrè ìgbà tí ìjọba la irin dé Ìfọ̀n. Ìbéèrè wa nìyí: ọmọ yẹn, ṣé irọ́ ló pa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà pàápàá ń fi rélùwéè kékeré ṣeré, wọ́n sì ń ya fídíò rẹ̀. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni pé kí ti kékeré jẹ́ ìdá kan nínú 87 ti ńlá. Bí ọkọ̀ gidi bá ń sáré kìlómítà 87 ní wákàtí kan, ti kékeré kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 28 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí kò bá ní dà bí eku tó ń sá. Ẹni tó ń yà á yóò gbé kámẹ́rà sílẹ̀ gan-an, nítorí pé ẹni tó bá dúró lókè wò ó yóò mọ̀ pé orí tábìlì ló wà. Nígbà tó bá ń tò ó, yóò gé ibi tí ọwọ́ ti yọ sí i, yóò dẹ ìrìn rẹ̀ kí èéfín má baà yára ju bó ti yẹ lọ, yóò sì fi ariwo rélùwéè gidi sí i. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Georges Méliès, ará Faransé, ti fi rélùwéè kékeré ṣe sinimá ní ọdún 1904. Buster Keaton ní tirẹ̀ kò fẹ́ kékeré: nínú sinimá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1926, orí afárá tó ń jóná ló ti jẹ́ kí ọkọ̀ gidi já sínú odò. Ìnáwó ńlá! Síbẹ̀ àwọn méjèèjì, ìtàn àròsọ ni wọ́n ń sọ.

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó mú ojú ènìyàn rí ohun tí kò sí kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi ẹnu sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n hádíìsì kan wà nínú ìwé Abu Dawud nípa ohun ìṣeré Áíṣátù ìyá wa: ẹṣin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ìyẹ́ méjì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) béèrè pé ṣé ẹṣin a máa ní ìyẹ́ ni. Áíṣátù dá a lóhùn pé ṣé wọn kò gbọ́ pé Ànábì Sulaimọ́nù ní ẹṣin abìyẹ́ ni? Ẹ̀rín ló fi dáhùn. Kò sí ẹni tí ẹṣin náà tàn jẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ń sọ pé kò sí fídíò tí a kì í gé, gbogbo ayé ló sì mọ̀, nítorí náà kò sí irọ́ níbẹ̀ rárá. A kò gbà fún àwọn náà. Ẹ rántí ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ lọ́jà, tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọjà rẹ̀ tí ó bá omi nísàlẹ̀. Ó ní òjò ló pa á. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ gidi sì ni gbogbo òkìtì yẹn, kò bu iyẹ̀pẹ̀ kún un. Bó ṣe tò ó ni wọ́n bá a wí sí. Ohun tó jẹ́ òótọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lè di ẹ̀tàn bí a bá tò ó fún ẹni tó fẹ́ rà á, bẹ́ẹ̀ ni agolo tí a tò bíi rélùwéè lè má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí òǹwòran wá ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa fi ń jẹun lónìí, fídíò yìgì àti wòlímọ̀. Bí fìlà bàbá àgbà bá já bọ́ nínú agbo, tí ẹni tó ń tò ó gé e kúrò, àṣírí Mùsùlùmí ló bò, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kí á sọ pé àwọn àlejò kò pọ̀, tí oníbàárà wá ní kí ó mú èrò láti inú fídíò wòlímọ̀ ẹlòmíràn kún àga tó ṣófo. Kámẹ́rà ló ya gbogbo rẹ̀ ní tòótọ́, ẹni tó sanwó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ta ni a wá rẹ́ jẹ? Àwọn tí kò tíì dé ni. Lẹ́yìn 30 ọdún, ọmọ-ọmọ yóò gbé e jáde láti mọ ẹni tó wá bá ìdílé wọn yọ̀, yóò sì rí ojú àjèjì tí kò dé ibẹ̀ rí. Ìtàn ìdílé ni òun ń wá, kì í ṣe eré.

Ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní gba gígé rárá kí irọ́ tó wọlé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ẹni tó gbé fóònù lọ́wọ́ ń wá. Bí ẹnìkan bá mú fídíò ìlú mìíràn, tí kò gé e, tí kò tò ó, tó kàn kọ orúkọ Ọ̀wọ̀ sí i lára, ohun tó ṣe burú ju ti ọmọ alágolo lọ fíìfíì. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé agbolé kan náà nílẹ̀ wa. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè gbé àdá lé wọn lọ́wọ́. Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ti lè dá àwòrán ṣe láìsí kámẹ́rà, a kò lè máa fi bí àwòrán ṣe dán tó wọn òtítọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò yóò sọ pé bí òun bá kọ iṣẹ́ oníbàárà yẹn, yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, wọn yóò sì bá a ṣe é. Òótọ́ ni, a kò sì ní oògùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè fún oníbàárà ní àbá mìíràn kí ọjọ́ tó pé: kí kámẹ́rà sún mọ́ àwọn tó wá, kí ó ya ojú wọn dáadáa, kí àga òfìfo má ráyè wọ inú àwòrán. Ẹnìkan lè ní bíbò náà ni ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò ní sí ojú àlejò kan nínú rẹ̀ tí kò jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.