Ọlá àti Ìgbọràn ní Ilé von der Marwitz

Ẹni tí ó ti búra fún ọba, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó kọ àṣẹ ọba? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé, kò sì rọrùn í dáhùn. Kí a má ba à máa sọ ọ́ lófìfo, ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Prussia, èyí tí í ṣe ti àwọn von der Marwitz. Friedersdorf, ní ìhà ìlà-oòrùn Berlin, ni ìdílé wọn wà. Iṣẹ́ ogun ni wọ́n mọ̀; láti ìran dé ìran ni wọ́n ń fi ọmọkùnrin wọn sin ọba.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1760, nígbà Ogun Ọdún Méje, àwọn ọ̀tá wọ Berlin, wọ́n sì kó ààfin Charlottenburg tí í ṣe ti Ọba Frederick Kejì. Inú ọba ru. Bí ọdún 1761 ti wọlé, ó pàṣẹ pé kí a lọ kó Hubertusburg, ilé ìṣọdẹ aláṣẹ Saxony, kí oró lè gba oró. Ọ̀gágun von Saldern ni ó kọ́kọ́ rán. Saldern dáhùn pé bí ọba bá ní kí òun dojú kọ àgbá ọ̀tá, òun yóò lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yìí lòdì sí ọlá àti ìbúra òun. A gbọ́ pé ọba fi í ṣẹ̀sín pé kò fẹ́ di olówó.

Ìtàn ilé Marwitz sì wí pé Johann Friedrich Adolf von der Marwitz, olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin Gensdarmes, kọ̀ pẹ̀lú. Ó ní bóyá ó yẹ àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun tí a kàn kó jọ fún ìgbà ogun, kò yẹ irú òun. Nígbẹ̀yìn, Quintus Icilius, tí í ṣe ọ̀gá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ni ó lọ kó ààfin náà. (Ní Hubertusburg yìí kan náà ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì, ọdún 1763.) Marwitz kú ní ọdún 1781. Lórí òkúta ìrántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Friedersdorf, a kọ ọ́ pé ó yan ìbínú ọba níbi tí ìgbọràn kò ti mú ọlá wá.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwọn ènìyàn Jámánì sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀ àwa kò lè ṣàìbéèrè: ta ni ọlá náà wà fún? Marwitz kò wí pé olè ni olè í jẹ́. Ohun tí ó wí ni pé iṣẹ́ náà rẹlẹ̀ sí ipò òun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré lè ṣe é, ẹlòmíràn sì ṣe é lóòótọ́. Ohun tí a kó kò dín kù. Ní ti èyí, ìdáhùn Saldern tẹ́ wa lọ́rùn ju ti Marwitz lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Marwitz ni òkìkí rẹ̀ kàn.

Ẹ wo ẹni tí ó gbé òkúta náà kalẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ẹbí rẹ̀ ni, Friedrich August Ludwig, ẹni tí a bí ní ọdún 1777. Akíkanjú ni òun náà, ó bá Napoleon jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1807 ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àgbẹ̀ tí a dè mọ́ ilẹ̀ olúwa wọn di òmìnira. Ipò àwọn wọ̀nyí burú ju ti ìwọ̀fà lọ, nítorí a ń bí ọmọ wọn sínú rẹ̀. Marwitz yìí ta ko àtúnṣe ìjọba gidigidi, títí a fi jù ú sí ẹ̀wọ̀n ní Spandau ní ọdún 1811. Òun náà yan ìbínú aláṣẹ! Ìgboyà rẹ̀ kò kéré sí ti ìṣáájú. Ẹ̀tọ́ àwọn ọlọ́lá ni ó fi í gbèjà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1934, a mú kí gbogbo ọmọ-ogun Jámánì búra fún Hitler pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gágun tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọlọ́lá Prussia fi ìbúra yìí ṣe àwáwí títí ilẹ̀ wọn fi bàjẹ́. Díẹ̀ nínú wọn, bí Henning von Tresckow, dìtẹ̀ láti pa á ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 1944. Ète náà kùnà, Tresckow sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Kì í ṣe ipò rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Ó ti mọ ohun tí a ń ṣe sí àwọn Júù àti àwọn mìíràn ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jagun fún Hitler.