Ṣé Dandan Ni Kí A Lọ Fúnra Wa?



Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2023, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá mi gúúsù Túrkì àti àríwá Síríà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.8. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, òmíràn tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 7.5 tún tẹ̀lé e. Àwọn tó kú ní Túrkì nìkan lé ní 50,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú ní Síríà. Ìgbà òtútù ni. Àwọn tí ilé kò wó pa ń sùn níta.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láàrin wa, ó ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ síbẹ̀ láti lọ wú àwọn ènìyàn jáde. Inú wa dùn sí i. Àwa tí a jẹ́ nọ́ọ̀sì tilẹ̀ ń wí lọ́kàn wa pé, bí ọmọdé bá fẹ́ lọ, kí ni àwa ń ṣe nílé? Àmọ́ ìyá àgbà kan bi í pé, "Ọmọ mi, bí o bá débẹ̀, ta ni yóò fún ọ ní oúnjẹ? Níbo ni wàá sùn?" Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Myanmar ní oṣù kẹta ọdún 2025, òun náà ni a tún bi ara wa.

Bí aláìsàn bá dákú ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí kò ní iṣẹ́ lẹ́bàá ibùsùn a máa kúrò níbẹ̀, bó ti wù kó fẹ́ràn aláìsàn náà tó. A kò kọ ìfẹ́ rẹ̀. Àyè ni a ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsẹ̀lẹ̀. Aládùúgbò ló máa ń wú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó yè jáde, pẹ̀lú ọwọ́ lásán àti ṣọ́bìrì, láàrin ọjọ́ kìn-ín-ní. Agbára apá nìkan kò sì tó. Ẹni tí ògiri tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, bí a bá kàn fà á yọ, oró láti inú ẹran ara tó ti rún yóò sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Omi ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fà sí i lára kí wọ́n tó gbé ògiri náà kúrò.

Ní Haiti, lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ òfúrufú lè bà sí ní olú-ìlú. Ọkọ̀ tó fẹ́ balẹ̀ pọ̀ ju àyè lọ, débi pé àwọn tó gbé ohun èlò ilé ìwòsàn Médecins Sans Frontières ni a darí sí Dominican Republic.

Àwa pẹ̀lú ti ṣìnà rí. Nígbà kan a ṣa aṣọ jọ fún àwọn tí ìjàǹbá bá ní òkè òkun. Àpò kún yàrá ẹ̀yìn dé òrùlé: bàtà gogoro, aṣọ ẹbí tó ti fún wa jù. Owó tí a ó fi kó wọn ránṣẹ́ ju iye tí wọ́n tó lọ. Nígbẹ̀yìn a sanwó fún ẹni tó kó wọn dànù. Kí a má tan ara wa jẹ, àpótí aṣọ wa ni a ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́, a sì pè é ní àánú.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ìsẹ̀lẹ̀ 2023 wó palẹ̀ ni Antakya. Áńtíókù inú Bíbélì ni, níbi tí a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Kristẹni. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 11. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìyàn ń bọ̀, àwọn ará Áńtíókù pinnu láti ran àwọn ará Jùdíà lọ́wọ́, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti mọ. Gbogbo wọn kọ́ ló dìde lọ. Bánábà àti Sọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ẹ̀bùn náà rán sí àwọn alàgbà, a sì rò pé àwọn alàgbà ló mọ ilé tí ebi wà.

Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ lọ, kí ó forúkọ sílẹ̀ nísinsin yìí kí ó sì gba ẹ̀kọ́. UK-Med ní Manchester ń ṣe irú rẹ̀. Àwa yòókù, owó ni. Ẹgbẹ́ DEC kó ohun tó lé ní mílíọ̀nù 150 pọ́n-ùn jọ fún Túrkì àti Síríà. Ẹni tó ń san owó orí, kí ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Gift Aid. Ìjọba yóò fi pẹ́ǹsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò lọ. Orí kọ̀ǹpútà ni ó jókòó sí ní alẹ́, ó ń bá Humanitarian OpenStreetMap Team ya ọ̀nà àti ilé sórí àwòrán ilẹ̀, kí àwọn olùrànlọ́wọ́ lè mọ ibi tí wọn yóò gbà.

Àwọn kan ń kùn pé owó rọrùn jù. Òótọ́ wà níbẹ̀: a lè fi pọ́n-ùn márùn-ún ra ìgbàgbé. Ní Tottenham níbí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Túrkì ni púpọ̀ nínú wa ti ń ra tàtàṣé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń bá wọn nájà, a kò mọ ìlú wọn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwa méjì bi ọkùnrin tó ń wọn ata léèrè àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó gbé ata sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Antakya, wọn kò tíì gbúròó rẹ̀. A dúró tì í. Àwọn oníbàárà tò sẹ́yìn wa, kò sí ẹni tó kùn. Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tó fi sílẹ̀ ni a ń dárúkọ nínú àdúrà Ọjọ́rú títí di òní.