Ayọ̀ Òǹwòran

Èdè Yorùbá kò da gbogbo ayọ̀ pọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ń yọ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ire ọmọnìkejì rẹ̀ ń bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àjálù ọmọnìkejì ni ó mú inú rẹ̀ dùn, a kò ní lo "bá" mọ́. A ó ní ó ń yọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń gbàdúrà pé kí ọ̀tá má yọ̀ wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ìwà méjì ni. Nígbà tí òǹwòran bá fò sókè tí ó sì kígbe, èwo nínú méjèèjì ni ó ń ṣe?

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2012, ní pápá ìṣeré Angondjé ní Libreville, olú-ìlú Gabon, Zambia àti Côte d'Ivoire jọ du ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀mì ni wọ́n ta fún 120 ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ pẹ́náritì, Kennedy Mweene mú bọ́ọ̀lù Kolo Touré, Gervinho gbá tirẹ̀ sóde, Stophira Sunzu sì gbá èyí tí ó parí eré wọlé. Zambia borí pẹ̀lú 8 sí 7. Òkun Libreville yìí kan náà ni ọkọ̀ òfurufú ológun Zambia já sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1993, tí gbogbo ènìyàn 30 tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Agbábọ́ọ̀lù 18 wà lára wọn. Kí eré àṣekágbá náà tó wáyé, àwọn agbábọ́ọ̀lù Zambia ti lọ fi òdòdó sí etí òkun náà fún ìrántí wọn.

Kí Zambia tó lè borí, Touré àti Gervinho ní láti kùnà. Ǹjẹ́ àwọn méjèèjì yìí ni àwọn ará Zambia ń yọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà? Rárá. Wọ́n ń bá àwọn tiwọn yọ̀, àwọn alààyè àti àwọn òkú. Ohun tí Touré pàdánù kò ju bọ́ọ̀lù kan lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi rìn kúrò ní pápá. Bẹ́ẹ̀ náà ni gídígbò rí láàárín Yorùbá. Bí a bá dá ènìyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀, eré parí, yóò sì gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Bọ́ọ̀lù àti gídígbò jẹ́ kí ó rọrùn láti ya ìkùnà sọ́tọ̀ kúrò lára àjálù. Ìdíje alùpùpù kò fún òǹwòran ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì tí ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń sá eré gan-an, àwọn olólùfẹ́ a wọ aṣọ aláwọ̀ ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn a fì àsíá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orí alùpùpù tí ó lè sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ọ̀nà kan tí ènìyàn fi ń kùnà ni pé kí ó ṣubú. Ohun tí ó gba àmì lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ní Sepang ní Malaysia, Valentino Rossi àti Marc Márquez figẹ̀ wọngẹ̀ títí Márquez fi ṣubú. Àwọn adájọ́ eré fi ìyà jẹ Rossi: ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni ó ti gbéra ní Valencia ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Ipò kẹrin ni ó parí sí, Jorge Lorenzo sì fi àmì 5 péré gba ipò aṣíwájú àgbáyé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Rossi gbà pé wọ́n rẹ́ ẹni wọn jẹ ni. Ní Ítálì, àwọn òǹwòran ń hó lé Márquez lórí ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olólùfẹ́ Rossi kan, ìbáà ṣe ní Róòmù, ìbáà ṣe ní Libreville, tí ó ń wo eré Sepang náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Márquez ṣubú, ọkùnrin náà sì hó yèè. Ní àkókò tí ó hó yẹn, kò tíì mọ̀ bóyá Márquez yóò dìde. Ó dìde, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà Sepang kan náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Marco Simoncelli, ọmọ ọdún 24, ṣubú. Colin Edwards àti Rossi, tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò rí ibi yà fún un, ó sì kú. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

A lè rí ẹni tí yóò sọ pé ẹni tí ń gun alùpùpù mọ ewu rẹ̀ kí ó tó gùn ún, pé owó ni ó ń gbà, àti pé ariwo òǹwòran kò bì í ṣubú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ariwo ṣe fún ẹni tí ó ṣubú ni a ń wádìí, bí kò ṣe irú ènìyàn tí ariwo náà ń sọ ẹni tí ó pa á dà. Ẹlòmíràn yóò ní ayọ̀ kì í tọrọ àyè. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ọkàn lè fò kí ènìyàn tó mọ̀. Ẹnu ni a lè kó ní ìjánu.

Òfin eré náà fúnra rẹ̀ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Bí ẹnìkan bá ṣubú, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà a fì àsíá aláwọ̀ ìyeyè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya ẹlòmíràn sílẹ̀ níbẹ̀ títí yóò fi kọjá ibi ewu náà. Àní ẹni tí ìṣubú náà ṣe láǹfààní gbọ́dọ̀ ṣe sùúrù. A kò gba àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ̀. A kàn ní kí ó má ṣe lò ó lójú ẹni tí ó wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ń fì àsíá fún òǹwòran. Ìwà rẹ̀ ni yóò fì í fún un.

Èyí kò sọ pé kí òǹwòran panu mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ikú Simoncelli, ní Valencia, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n má dákẹ́ fún ìrántí ọmọ òun, kí wọ́n pariwo. Àwọn ẹlẹ́ṣin irin náà sì mú kí alùpùpù wọn bú ramúramù. Ariwo tí ó ní "bá" nínú nìyẹn. Ó wà ní Libreville náà ní ọdún 2012. Joseph Musonda ti fara pa ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, kò sì lè rìn dáadáa mọ́. Nígbà tí Zambia borí, Hervé Renard, olùkọ́ wọn, gbé e mọ́ra lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó lè bá wọn yọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òǹwòran tí ó ti gbó nínú eré yóò kọ́kọ́ wo ẹni tí ó wà nílẹ̀, kí ó tó wo ipò tí ẹni tirẹ̀ dé.